Bàbá Odò

Ẹnu ni ìyá àgbà mi fi máa ń júwe ewé náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti fún wa ní ọlidé, abúlé ni wọ́n ń kó wa lọ, lójú ọ̀nà Ìjàyè, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. Láàárọ̀, bí a bá ti gbé korobá pé a ń lọ sódò, ìyá àgbà á na ètè síwájú, sí apá ibi tí oko kókó ti ṣú dùdù, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi já díẹ̀ bọ̀ nínú ohun tí ẹ máa ń jẹ lọ́nà yẹn." A kì í béèrè pé èwo ni. A ti mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni. Ohun tí a rò ni pé àgbà ti ń mú kí wọ́n gbàgbé orúkọ nǹkan, a sì máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín bí a bá ti jìnnà sílé.

Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kò fẹ́ràn oòrùn. Abẹ́ igi ńláńlá, létí omi, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tí ìgbín sì ń gbé, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Ó ga ju ọmọdé lọ, ó tọ́ gbọnrangandan, àfi òkè rẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. Ewé rẹ̀ kì í kọjú síra. Ńṣe ló ń pòòyì yí ọ̀pá rẹ̀ ká lọ sókè, abẹ́ ewé náà sì ní irun wẹ́wẹ́ tó rọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá bó èèpo ọ̀pá náà tí ẹ gé e lẹ́nu, omi ni yóò kún ẹnu yín, omi tó kan díẹ̀, tó tutù lọ́fun. Àwọn kan ń pè é ní ìrèké ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá retí adùn ìrèké nínú rẹ̀ á bínú. Èmi bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má ṣẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí gbogbo ìyá ilé mọ̀ nígbà náà ni wọ́n mọ̀. Bí ikọ́ bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, wọ́n á gé ọ̀pá tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, wọ́n á fi í sórí ẹ̀yinná títí tó fi máa rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á ro oyin díẹ̀ mọ́ ọn. Bí orúnkún bàbá àgbà bá le nígbà òtútù, wọ́n á gún ewé àti ọ̀pá rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná rẹ̀, wọ́n á máa fi tẹ orúnkún náà títí bàbá àgbà fi máa ní ó tó gẹ́ẹ́. Aboyún tí èébì ń dà láàmú á máa gé e lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Èmi náà jẹ ẹ́ nígbà oyún àkọ́bí mi, inú mi sì rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò polówó àgbo fún ẹnikẹ́ni o. Aránṣọ ni mí ní Moniya, ọsibítù ni mo sì ń gbé ọmọ mi lọ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún kan tí kò tíì pẹ́, ikọ́ dé bá ìyá àgbà fúnra wọn. A gbé wọn wá sí ọsibítù ní Moniya. Dókítà fún wọn lóògùn, ó sì pe àwa ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀, ọjọ́ orí ni, kí a máa gbé wọn lọ sílé kí ara lè tù wọ́n láàárín àwọn èèyàn wọn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, inú mi sì bàjẹ́ nítorí mo gbọ́ èyí tí kò sọ. A gbé wọn padà sábúlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí ìyá àgbà, ló gbà wọ́n sílé. Àwọn ló ń ṣáájú ìrun ní mọ́sálásí abúlé wa, Ààfáà sì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, títí kan àwa ọmọ. Bí mo bá ti rí àyè báyìí, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá gun ọ̀kadà lọ jókòó ti ìyá àgbà.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ikọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọkọ mi, bá mi mú Bàbá Odò wá." Ọkọ mi ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ ilé, ọkùnrin àti obìnrin, nítorí pé ìyàwó ni wọ́n ka ara wọn sí fún wa títí wọ́n fi darúgbó. Mo béèrè pé bàbá wo. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

"Bàbá Odò. Wọ́n wà létí omi níbẹ̀ yẹn."

Ààfáà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà.

Ìdí rẹ̀ kò le. Abúlé tí wọ́n ti fẹ́ ìyá àgbà wá, ìdílé olódò ni wọ́n. Bàbá tó bí ìyá àgbà ló ń tọ́jú ojúbọ odò ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ìgbà tí ìyá àgbà wọlé ọkọ ni wọ́n gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọn kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́; n kò mọ ẹni tó fi ọwọ́ tó le mú ààwẹ̀ tó wọn. Síbẹ̀, bí àwọn ìbátan náà bá ń bọ odò lọ́dọọdún, wọ́n máa ń yà wá kí ìyá àgbà, ìyá àgbà á sì gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ààfáà kò fẹ́ràn àbẹ̀wò yẹn rí. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ Bàbá Odò lẹ́nu ìyá wọn lórí àìsàn, wọ́n gbà pé òrìṣà ilé bàbá ìyá àwọn ló padà wá pè wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́. Ààfáà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa ka kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́, sí ìyá wọn létí pé kí wọ́n máa tẹ̀lé e. Ìyá àgbà á kà á pé pérépéré. Bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ wọn, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọkọ mi. Bàbá Odò ńkọ́?" Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dun Ààfáà wọra, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín.

Nígbà tó yá, Ààfáà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìyá àgbà lóhùn mọ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ yẹn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wá láti ìdílé olódò láti kí wọn, Ààfáà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ìyá ń sùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ń gbọ́ ikọ́ wọn láti inú yàrá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá àgbà á máa wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni yìí, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún, gbogbo wa á sì gbójú sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ń béèrè ni.

Mo kò wọ́n lójú, Ààfáà ni mò ń wí. Mo ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ òrìṣà, ṣé kì í ṣe ìyá ẹni ló ń sọ̀rọ̀ ni, ṣé a ò lè fi ẹnu dá ìyá ẹni lóhùn? Wọ́n ní kí n lọ máa rán aṣọ mi. Inú bí mi, mo ti ń wá bàtà mi kí n máa lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé omi ń bọ́ lójú wọn.

"Bí ìyá mi bá kú, èmi ni mo máa dúró níwájú láti kírun sí wọn lára," ni Ààfáà wí. "Bó bá jẹ́ pé orúkọ òrìṣà ló kẹ́yìn sí wọn lẹ́nu, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ mi sókè?"

Mo fi bàtà sílẹ̀. Mo jókòó padà.

Nínú àwọn obìnrin tó jọ ṣe ìyàwó nínú agboolé wa láyé àtijọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù yàtọ̀ sí ìyá àgbà. Ìyàwó àbúrò bàbá àgbà ni wọ́n, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n sì ń gbé ní Akanran láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ìyá Akanran ni a ń pè wọ́n. Ìyá tó bí mi kò lè ràn mí lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Moniya ni bàbá mi fi wọ́n sí, ọdún nìkan ló ń gbé wọn dé abúlé. Mo wá ní kí n lọ sọ fún ìyá Akanran pé ìyálé wọn ń ṣàìsàn, kí wọ́n má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a kò jẹ́ kí àwọn gbọ́. Mo wọkọ̀ láti Moniya dé Ìwó Róòdù, mo tún wọ òmíràn tó gbé mi lọ sí Akanran.

Mo bá wọn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn àìsàn náà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Bàbá Odò pamọ́ nítorí Ààfáà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbà mí láyè. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ ìyá Akanran dúró lórí ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ ò mọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Bàbá tó bí bàbá àgbà rẹ, kí ni wọ́n ń pè wọ́n?"

Mo pe orúkọ àbísọ bàbá náà. Ìyá Akanran yára fi ọwọ́ dí etí, wọ́n ní kí n má pè é sí àwọn létí, pé ìnagijẹ tí gbogbo abúlé mọ̀ wọ́n sí ni àwọn ń béèrè. Ìgbà náà ni ó yé mi. Àwa ọmọ ilé náà, bí wọ́n bá ń kí wa lọ́jọ́ ọdún, ọmọ Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n ń pè wá. Bàbá náà ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe fi orúkọ ewé odò pè wọ́n, tí orúkọ náà sì mọ́ wọn lórí. Kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn nínú wa. A kò kàn ronú pé ó kan ìyá àgbà ni.

Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìyẹn kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nílé wa, bí orúkọ náà bá ti wà lára nǹkan mìíràn, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe nǹkan ọ̀hún pẹ̀lú. Ìyá Akanran ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìyàwó bá máa pọnmi, ìyálé rẹ̀ ló máa mú un dé odò. Á fi ibi omi mímu hàn án, á fi ibi ìfọṣọ hàn án, á wá na ọwọ́ sí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, á ní èyí kò sí fún ẹnu rẹ, Bàbá Odò là ń pè wọ́n níbí, torí etí odò ni wọ́n dúró sí. Ìyá àgbà mi ló mú ìyá Akanran lọ lọ́jọ́ tiwọn. Láàárín àwọn ìyàwó ọmọ bàbá náà nìkan ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ń bá àwa ọmọ ilé sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn na ètè sí i, èyí tí ìyá àgbà kò lè ṣe mọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ìyàwó kan gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó pariwo orúkọ náà létí odò pé kí wọ́n bá òun já a, bàbá náà tó ń wẹ̀ lápá òkè sì dáhùn pé, "Mo wà ńbí o." Obìnrin náà sáré délé láìgbé omi.

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ìyá Akanran wò mí tààrà.

"Ikọ́ ló ń ṣe ìyálé mi," ni wọ́n wí. "Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n béèrè?"

Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè bá mi wá. Wọ́n ní kí n sọ fún ìyálé àwọn pé àwọn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, ẹni tó jókòó tì mí tiẹ̀ rò pé ẹnì kan ló kú, ó ń kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ojú tí ìyá àgbà fi ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń padà wá bá mi. Ewé lásán ni wọ́n ń béèrè, ewé etí odò wa, a sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

N kò yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà gbé mi dé abúlé bí ìrun Alásárì ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Ààfáà wà lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń da omi búútà sẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń dà á sí títí omi fi tán. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo ti ń tò láti Akanran, pé ẹ ò rí i, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ máa rán aṣọ. Mo gbé e mì. Ojú wọn kì í ṣe ojú ẹni tí èèyàn ń sọ irú ìyẹn fún.

Bí wọ́n ṣe kírun tán, wọ́n mú àdá, wọ́n ká jalamíà sókè, ó di ọ̀nà odò. Mo tẹ̀lé wọn. Igbó ibẹ̀ kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Wọ́n ti gé àwọn igi ńláńlá tà fún onípákó, oòrùn ti wọ ibi tí a ti ń já tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún nígbà kan, koríko lásán ló kù níbẹ̀. Mo rò pé a ti pẹ́ jù. A rìn lọ sápá òkè odò títí a fi dé ìdí igi àràbà kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ayùn dé, abẹ́ rẹ̀ ni a ti rí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún díẹ̀ tó dúró, tí orí wọn tẹ̀. Ààfáà kò fà á tu. Wọ́n gé ọ̀pá rẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún rú, bí ìyá àgbà ṣe kọ́ gbogbo wa. Kí wọ́n tó gé e, mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn kó tó wọlé.

Àwọn fúnra wọn ló yan án lórí ẹ̀yinná, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n ro oyin mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣe é, wọn kò gbà. Wọ́n gbé abọ́ náà wọlé, wọ́n sì mú ọ̀pá tútù kan dání pẹ̀lú ewé rẹ̀ kí ìyá wọn lè rí i. Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka ra abẹ́ ewé náà, níbi tó ti rọ̀.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó rí wọn," ni wọ́n wí.

Wọ́n mu ún díẹ̀díẹ̀, ọmọ wọn ló ń fi ṣíbí fún wọn. Mo jẹ́ iṣẹ́ ìyá Akanran, pé wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Inú ìyá àgbà dùn. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìyàwó àwọn tó wà ní Akanran sọ fún mi pé òun gan-an ló pariwo orúkọ bàbá ọkọ létí odò. Mo ní wọn kò sọ ọ́ o. Ẹ̀rín pa wá, ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá a dúró, wọ́n tún mu díẹ̀ sí i.

Ààfáà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí wọn, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí." Ìyá àgbà béèrè pé kí ló ṣe. Ààfáà tún ní kí wọ́n ṣáà forí ji àwọn. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n ní àwọn ti forí jì wọ́n, ohun yòówù kó jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí a rò fún ìyá àgbà, inú mi sì dùn pé wọn kò mọ̀ ọ́n rí.

N kò ní parọ́ pé ewé náà wò wọ́n sàn. Ikọ́ náà dẹwọ́, wọ́n ń sùn, wọ́n ń bá wa ṣeré. Ààfáà ló ń lọ sídìí àràbà yẹn bí èyí tó wà nílé bá ti tán. Kí Iléyá tó dé, ìyá àgbà fi wá sílẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú. Ohun tó kẹ́yìn lẹ́nu wọn kì í ṣe kálímà, kì í sì í ṣe Bàbá Odò. Wọ́n ní kí a ṣí fèrèsé. Ààfáà dúró níwájú, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n kírun sí ìyá wọn lára, ohùn wọn kò sì gbọ̀n.

Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, mo wà lábúlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Àwọn ọkùnrin jókòó síta mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun, àlejò kan tó jẹ́ ààfáà láti Moniya wà láàárín wọn. Ikọ́ ń yọ Ààfáà wa lẹ́nu. Ọmọ ilé ni wọ́n, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má pe tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ní tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún. Wọ́n rí mi tí mò ń kọjá lọ, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Bí o bá dé odò, bá mi mú Bàbá Odò bọ̀."

Àlejò náà yíjú padà, ó béèrè pé, "Ààfáà, bàbá wo nìyẹn?"

"Bàbá bàbá mi ni," ni Ààfáà dá a lóhùn. "Ìyá mi kì í pè wọ́n lórúkọ."